Orúnkún Solenn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Solenn Kergoat jẹ́, kó jí ní ìdájí ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ ní Ploumézec, kó wá yọjú lójú fèrèsé. Á rí obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà òkun, tí irun ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Á sì rí Gildas ọkọ ẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, ìgò omi nínú apẹ̀rẹ̀ iwájú, tó ń mí hẹlẹ bí ẹni pé òun gan-an ló ń sáré. Ogún ọdún ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Huguette oníbúrẹ́dì ò tiẹ̀ wo aago mọ́. Tí tọkọtaya náà bá ti kọjá, á mọ̀ pé ó tó àkókò láti ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Solenn ń dáná fún àwọn ọmọ ilé ìwé ìlú wa. Gildas ń kan òrùlé. Nígbà tí wọ́n pàdé, ọmọge ni Solenn, ó ń sáré nínú ẹrọ̀fọ̀ ìgbà òtútù pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, ó sì ń fi ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ta ẹrọ̀fọ̀ sí wọn lójú. Gildas ló ń bá a gbé aṣọ òtútù ẹ̀ dání lẹ́bàá ọ̀nà. Láti ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá eré àwọn ìletò, níbi tí ẹni tó bá gbégbá orókè ti ń gba ìtan ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ. Ọdún kan wà tí ìtan ẹlẹ́dẹ̀ so kọ́ sí ilé ìdáná wọn débi pé Gildas ní kí ó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí ẹlòmíràn náà borí. Ìgbà tó yá ló bọ́ sórí eré ìje ẹlẹ́mìí ẹṣin, eré gígùn tí àwọn mìíràn ò tiẹ̀ lè fi mọ́tò rìn kí wọ́n má sinmi lọ́nà. Ó sá ní Paris, ó sá ní Lyon, ó sá ní La Rochelle. Kò sí ibi tó dé tí wọn ò mọ̀ pé obìnrin kan wá láti Ploumézec.

Wàhálà ẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ. Nínú ìdíje orílẹ̀-èdè, àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń mú láti lọ wọ jẹ́ẹ̀sì búlúù, kí wọ́n fi ṣojú ilẹ̀ Faransé. Solenn sì ti ṣe ipò kẹrin lẹ́ẹ̀mẹta. Kì í ṣe kẹwàá o, kì í ṣe ogún, tí èèyàn á fi gbàgbé ẹ̀ kó sùn. Kẹrin ni. Àwọn èèyàn wa a máa fi ẹni tó bá ṣe kẹrin ṣẹ̀fẹ̀ pé wúrà, fàdákà àti idẹ ti tán, àmì ẹ̀yẹ ṣokoléètì ló gbà. Huguette ní tiẹ̀ ò mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ lásán ni wọ́n ń ṣe. Gbogbo ìgbà tí Solenn bá ti kó ipò kẹrin dé, á yọ́ ṣokoléètì, á dà á sínú abọ́ roboto kan, á so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn, á sì gbé e wá sílé wọn pẹ̀lú ẹ̀rín. Nígbà àkọ́kọ́, Solenn rẹ́rìn-ín. Nígbà kejì, ó jẹ ẹ́. Nígbà kẹta, ó dúpẹ́ dáadáa, ó kó o fún àwọn ọmọ ilé ìwé, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Gildas sì rèé, ọ̀rọ̀ jẹ́ẹ̀sì yìí ká a lára ju ìyàwó ẹ̀ lọ. Ikọ́ fée ni wọ́n bí mọ́ ọn, kò lè sáré dé ìdí bọ́ọ̀sì kó má jókòó sílẹ̀. Gbogbo eré tí kò lè sá láyé, ẹsẹ̀ Solenn ló fi ń sá a. Ó tiẹ̀ ti kan ìṣó kan mọ́ ògiri pálọ̀ síbi tó máa fi jẹ́ẹ̀sì náà kọ́ sí. Solenn rí ìṣó yẹn, ó fi kàlẹ́ńdà kọ́ sí i.

Ọdún tí Solenn pé méjìdínlógójì, wọ́n gbé ìdíje orílẹ̀-èdè wá sí Ploumézec. Gbogbo wa ti mọ̀ pé ìgbà ìkẹyìn nìyẹn fún un. Tanguy Morizur, tó ni ilé ọtí àárín ìlú tó tún jẹ́ olórí ẹgbẹ́ eléré wa, ló ń pín ẹ̀wù yẹ́lò àti àsíá fún àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti dúró lójú ọ̀nà. Gildas bẹ̀ ẹ́ kó fi òun síbi àlùbọ́sà, Tanguy sì gbà fún un.

Àlùbọ́sà là ń gbìn lágbègbè wa, pupa rẹ́súrẹ́sú ni, ó sì gbajúmọ̀. Ìyẹn ni olórí ìlú ṣe rò pé ohun tó kù tí a nílò ni àlùbọ́sà oníkọnkéré, tó ga tó ilé, láàárín ráńdábáòtù tó wà ní ìparí ìlú. Ó sì kọ́ ọ. Ẹni tó bá ń bọ̀ látinú ìlú, àlùbọ́sà yìí ló máa kọ́kọ́ rí, kò ní rí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ọ̀nà méjì ló sì wà lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀kan lọ sí òkun, ìyẹn tí eré gbà, èkejì lọ sí ilé ìtajà ńlá. Àjèjì tó bá ń sáré bọ̀, àsíá ló máa wò.

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà, òjò winniwinni. Gildas dúró ṣinṣin, ó na àsíá sí ọ̀nà òkun. Àwọn ọkùnrin kọ́kọ́ kọjá. Àṣà wa ni pé ẹni tó ń sáré gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó dúró sójú ọ̀nà fún un, ìbáà jẹ́ pé èémí ń tán lọ lára ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọjá ni wọ́n ń wí pé ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, orí Gildas ń wú. Nígbà tó yá, obìnrin méjì yọ, wọ́n jọ ń sáré ẹ̀gbẹ́ kan náà, wọ́n yà sí ọ̀nà òkun, wọ́n lọ. Ẹnì kẹta tó yọ, ọmọdébìnrin kan láti apá òkè ìlà oòrùn ni, Oriane Thouvenin lorúkọ ẹ̀, ẹgbẹ́ kékeré kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ló ti wá. Ẹ̀yìn ẹ̀ gẹ́lẹ́, bí ìgbà téèyàn lè ju òkúta bá a, ni Solenn wà.

Gildas wo ojú ìyàwó ẹ̀. Ó mọ ojú yẹn. Tí ẹnu Solenn bá yà sápá kan díẹ̀ báyẹn, agbára ṣì kù nínú ẹ̀ nìyẹn, ó máa bá ọmọ yìí. Ayọ̀ gbé Gildas lọ. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń pariwo orúkọ Solenn, ó ń fi àsíá pè é mọ́ra, ó ń jù ú síwá sẹ́yìn. Àsíá tó ti ń tọ́ka sí òkun látàárọ̀ fì, ó bọ́ sápá kejì. Oriane ò wo ti ariwo, àsíá ló wò. Ó yà sí ọ̀nà ilé ìtajà.

Ìyẹn, àṣìṣe ni. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é. Ohun tó tẹ̀ lé e ni kò ṣeé fi àṣìṣe pè. Gildas rí ọmọ náà tó ń lọ. Ẹnu ẹ̀ ti ya sílẹ̀, ohùn sì wà níbẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi í pariwo ni. Ó wo ẹ̀yìn ọmọ náà. Ó wo Solenn tó ń bọ̀. Ó wá pa ẹnu dé. Solenn yípo àlùbọ́sà, ó bá Gildas níbi tó ti sọ̀ kalẹ̀ sójú ọ̀nà nínú ayọ̀, ó ní, "Gildas, kúrò lọ́nà." Gildas kúrò. Solenn kọjá, ó bọ́ sí ọ̀nà òkun. Ìgbà yẹn ni ohùn Gildas ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jáde tó fi pe ọmọ náà pé kó padà, ibí ni, ibí ni.

Oriane padà. Ojú ẹ̀ là kalẹ̀, ẹ̀rù ti bà á. Bó ṣe kọjá lára Gildas, pẹ̀lú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i yẹn, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, ó ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá."

Solenn ṣe ipò kẹta. Oriane fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a, ìṣísẹ̀ bíi mélòó kan ló kù tí okùn ìparí fi dé. Ẹ ò rí ìlú wa lọ́jọ́ yẹn. Tanguy ń jó lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà sanra. Huguette ní òun máa lọ fọ́ abọ́ ṣokoléètì òun mọ́ ògiri. Wọ́n gbé Solenn sókè, wọ́n gbé e sọ̀, obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wò ó dáadáa á rí i pé ẹ̀rín náà ò dé ojú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó wò ó dáadáa.

Lábẹ́ àgọ́ tí wọ́n ti ń fún àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn lóúnjẹ, Gildas dúró pẹ̀lú sọ́séèjì tí wọ́n fi galette, àkàrà pẹlẹbẹ ilẹ̀ wa, wé, kò tíì gé e jẹ. Oriane wá bá a níbẹ̀, aṣọ ìnura lọ́rùn, ètè ẹ̀ ń gbọ̀n nítorí òtútù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ dúró nídìí àlùbọ́sà yẹn, àbí?"

Gildas ní òun ni.

"Mo ní kí n wá bẹ̀ yín ni. Mo rí i pé mo dẹ́rù bà yín. Kóòṣì mi ní kí n fi kẹ̀kẹ́ lọ wo ọ̀nà náà lánàá, oorun ló gbé mi lọ. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín."

Ó na ọwọ́, ó bọ Gildas lọ́wọ́. Ó tún ní wọ́n sọ fún òun pé ìyàwó ẹ̀ ló gba ipò kẹta, kó bá òun kí i kú oríire, alágbára ni. Gildas fẹ́ sọ̀rọ̀. Ohun tó jáde ni, "Má ṣèyọnu, ọmọ." Òfin eré ní kí ẹni tó ń sáré mọ ọ̀nà ara ẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ọmọ náà gbé báàgì ẹ̀, ó lọ wọkọ̀ ojú irin.

Ní ọjọ́ kejì, Gildas gun òrùlé kan ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Kò pẹ́ tó débẹ̀ tí òkúta pẹlẹbẹ tó fẹ́ fi bo òrùlé bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó fọ́. Òmíràn bọ́, ó tún fọ́. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní kó sọ̀ kalẹ̀ kó tó pààyàn. Ó wálé, ó jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́, kò ṣe nǹkan kan. Ibẹ̀ ni Solenn bá a nígbà tó ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án, ara ẹ̀ ń rùn fún ọbẹ̀ àlùbọ́sà. Ó bi í léèrè bóyá òrùlé ló wó.

Gildas sọ ọ́. Kò fi ibì kankan pamọ́. Ó sọ ti àsíá, ó sọ ti ẹnu tó pa dé. Nígbà tó parí, Solenn fa àga, ó jókòó.

"Mo rí i," Solenn wí.

"Kí lo rí?"

"Mo rí i nígbà tó yà. Ọ̀nà tí mò ń gbà lọ ra ọṣẹ ìfọṣọ ni, Gildas. Mo mọ ibi tó ń lọ jù ú lọ. Mo sì dákẹ́."

Gildas ní àárẹ̀ ni, pé kò sẹ́ni tó máa ń lóhùn nínú ara tó bá sáré débẹ̀ yẹn.

"Mo lóhùn tí mo fi lé ọ kúrò lọ́nà."

Gildas dìde, ó ní òun máa pe àwọn aláṣẹ eré, òun máa rò fún wọn bó ṣe rí. Solenn ní kó jókòó. Ó bi í pé kí ló rò pé wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní Gildas Kergoat àti ìyàwó ẹ̀ ló jọ gbìmọ̀ ẹ̀. Gbogbo eré tí òun ti sá látọmọdé, títí kan ti ìtan ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tú u wò. Òun ò gba ọ̀nà àbùjá kankan rí láyé òun, òun ò sì fẹ́ kó orúkọ olè relé nígbà tí òun ń kúrò nídìí eré. Tanguy ńkọ́, àti gbogbo àwọn tó dúró sínú òjò? Ṣé kí ìtìjú náà kárí wọn?

"Kí la wá fẹ́ ṣe?" Gildas bi í.

"Orúnkún mi ń dùn mí."

Gildas wo orúnkún ẹ̀. "Látìgbà wo?"

"Látìsinsìnyí. Tí ẹni kẹta bá fara pa, ẹni kẹrin ni wọ́n ń mú."

"Solenn, o ò ní rí òmíràn mọ́."

"Mo mọ ọjọ́ orí mi," Solenn wí. Ohùn ẹ̀ ò yí padà. "Ìwọ gbọ́ mi. Èmi ti gbé ní ipò kẹrin pẹ́, mo mọ bí ibẹ̀ ṣe rí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń jí níbẹ̀ láàárọ̀. Ọmọ yẹn ò ní bẹ̀rẹ̀ ayé ẹ̀ níbẹ̀ nítorí ọwọ́ tìẹ àti ẹnu tèmi."

Ó gbé fóònù, ó pe àwọn tó ń yan ẹgbẹ́ Faransé. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń béèrè bóyá ànàmọ́ ti dé ọjà. Wọ́n bá a kẹ́dùn, ó dúpẹ́. Ìgbà tó gbé fóònù sílẹ̀ tán ló fi aṣọ ìnuwọ́ ilé ìdáná bo ojú, ó sì sunkún bí ọmọ kékeré, èjìká ẹ̀ ń mì. Gildas fẹ́ dì í mú. Ó ní kó má tíì fọwọ́ kan òun.

Bí orúnkún Solenn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìròyìn kan gbogbo ìlú kí ilẹ̀ tó ṣú, àánú sì ṣe wá. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ogún ọdún gbáko, ìgbà tí ilẹ̀kùn wá ṣí, ni ẹsẹ̀ ní òun ò lọ mọ́. Huguette sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ń gbé òróró ìpara lóríṣiríṣi wá fún un. Solenn ń gbà á, ó ń dúpẹ́, ó ń tiro lọ ra búrẹ́dì, ó ń tiro bọ̀. Ó kúkú wá di ọjọ́ kan tí Huguette ní, "Ṣebí ọ̀tún lo fi ń tiro lánàá?" Solenn ní ó ti ràn dé òsì ni. Huguette mi orí, ó fi kéèkì kan sínú àpò búrẹ́dì fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tó le jù kì í ṣe títiro. Ẹni tó ti ń sáré láràárọ̀ láti ogún ọdún kò gbọdọ̀ sáré mọ́, nítorí ojú gbogbo ìlú ló wà lára ẹ̀. Ó ń jí ní ìdájí bí ìṣe ẹ̀, kò sì sí ibi tó ń lọ. Ó fọ fèrèsé títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tín-ín-rín. Ó ha ìdí ìkòkò. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á wọ bàtà eré ẹ̀, á so okùn ẹ̀ dáadáa, á wá jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé báyẹn, títí òtútù á fi lé e wọlé. Gildas ń wò ó láti ilé ìdáná, ó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn bí ìdin. Ọjọ́ kan ó fi mọ́tò gbé e lọ sínú igbó kan tó jìnnà kó lè sáré díẹ̀ níkọ̀kọ̀. Kò tíì sá dé ìdí igi kẹwàá tí wọ́n kan àbúrò bàbá Tanguy tó ń wá olú, apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Lójú ẹsẹ̀ Solenn bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Wọ́n kí bàbá náà, wọ́n padà sínú mọ́tò, Gildas bú sẹ́rìn-ín. Solenn ò rẹ́rìn-ín, ó ní kó wa mọ́tò.

Ọjọ́ ìdíje ńlá ilẹ̀ Yúróòpù dé. Gbogbo ẹgbẹ́ eléré wa pé sílé ọtí Tanguy láti wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Solenn ní òun ní aṣọ tí òun fẹ́ lọ̀, ó dúró sílé. Gildas lọ, nítorí tí kò bá lọ wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Wọ́n ń bu ọtí èso ápù mu, ojú wọn wà lókè. Kò pẹ́ tí wọ́n fi Oriane hàn, nínú búlúù, irun ẹ̀ ní dídì, ojú ẹ̀ mọ́ kedere. Gbogbo wọn ló ń fojú inú rí ẹlòmíràn nínú jẹ́ẹ̀sì yẹn.

Tanguy gbé ife ẹ̀ sílẹ̀. Kò ní ìkà nínú, ọtí ti wọ̀ ọ́ lára díẹ̀ ni, ó sì ti ń dùn ún látọjọ́ yẹn.

"Ṣé kí n sọ òótọ́ fún yín? Orúnkún kọ́. Èmi ì bá rákò lọ. Àyà obìnrin yẹn ló já. Ogún ọdún ló fi ń kanlẹ̀kùn, ìgbà tí wọ́n ṣí i fún un, ó sá."

Àwọn kan wo Gildas, wọ́n wolẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn mi orí bí ẹni pé òun náà ti ń rò ó bẹ́ẹ̀. Gildas rí orí tó mì yẹn. Ó rò ó pé òun ti pa ẹnu dé lẹ́ẹ̀kan rí, nídìí àlùbọ́sà, ó sì ti tó.

"Orúnkún Solenn ò ní nǹkan kan," ó wí. "Kò fìgbà kankan dùn ún. Èmi ni mo fi àsíá ṣi ọmọ yẹn lọ́nà."

Ó rò fún wọn. Ó dúró sáàárín ilé ọtí, kò jókòó, ọwọ́ ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bí ti ọmọ ilé ìwé. Ó sọ ti ọmọ tó bọ òun lọ́wọ́. Ó sọ bí Solenn ṣe fi jẹ́ẹ̀sì náà sílẹ̀ kí wọ́n má bàa pe òun Gildas ní oníjìbìtì. Ó ní òun ò ní jókòó síbí kí wọ́n máa fi ọtí pe obìnrin náà ní ojo.

Huguette ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní ìyẹn ló ṣe ń tiro lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

Tanguy ti dìde. "O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

"Àsíá, rárá. Ẹnu, bẹ́ẹ̀ ni."

Tanguy ní kó dá ẹ̀wù yẹ́lò ẹ̀ padà nígbà tó bá ráyè, kó má sì tún béèrè fún un mọ́. Gildas ní ó dáa. Ìgbà tí wọ́n rántí tẹlifíṣọ̀n, eré ti parí, wọ́n ti ń polówó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé Oriane ṣe ipò kọkàndínlógún, tí inú ẹ̀ sì dùn débi pé ó fi ẹnu ko gbogbo ẹni tó bá rí lẹ́rẹ̀kẹ́. Àwọn tó mọ eré láàárín wa jókòó ṣírò ẹ̀, wọ́n ní Solenn ì bá ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Gildas rìn relé. Ó rò pé òun lòun máa sọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n fóònù Huguette ti ṣáájú ẹ̀ dé. Solenn dúró nídìí aṣọ, áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́, ojú ẹ̀ pọ́n.

"Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

Gildas rọra ti ilẹ̀kùn.

"Mo ní ta ló rán ọ níṣẹ́? Mo fi jẹ́ẹ̀sì mi sílẹ̀ kí ojú má bàa tì ọ́ nínú ìlú yìí. Mo tiro fún ọ. Èmi. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn bí arúgbó. O wá lọ sílé ọtí, o lọ fi ẹnu ara rẹ da gbogbo ẹ̀ nù láàárín ìṣẹ́jú kan."

"Wọ́n ní àyà rẹ ló já."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Tanguy."

"Tanguy tó ń gba ẹ̀yìnkùlé sá fún ìyá ìyàwó ẹ̀?"

"Òun náà ni. Àwọn yòókù sì fẹ́ gbà á gbọ́. Mi ò lè gbà á, Solenn. Kí wọ́n pe èmi ní olè, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ kò sí òótọ́ kankan nínú tìẹ."

Solenn gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. Ó fa wáyà ẹ̀ yọ. Ó dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì, ó ń wo aṣọ tó ń lọ̀, àyà ẹ̀ ń lọ sókè sódò. Gildas rò pé ó máa tún sunkún. Kò sunkún. Ó lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó mú bàtà eré ẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so okùn ẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Gbogbo ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nílé ọtí ni.

Gildas sáré lọ gbé kẹ̀kẹ́. Ó ti bu omi sínú ìgò, ó ti ń tì í bọ̀ lẹ́nu géètì nígbà tí Solenn jáde.

"Fi í sílẹ̀," Solenn wí. "Tòní, èmi nìkan ni màá sá a."

Ó gbọn ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì, ó na ọrùn. Ìbínú ṣì wà lójú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ ti yà sápá kan díẹ̀.

"Tí ẹnikẹ́ni bá sì bi ọ́ pé orúnkún wo gan-an ló ń dùn mí látọjọ́ yìí, sọ fún wọn pé ìwọ ni."

Ó bọ́ sáàárín títì. Kò gba ẹ̀yìnkùlé, kò gba ẹ̀gbẹ́ odò, àárín ìlú ló gbà, iwájú ilé ọtí, iwájú ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì. Àwọn èèyàn dúró létí ọ̀nà, wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n pàtẹ́wọ́ tàbí kí wọ́n dákẹ́, wọ́n sì dákẹ́. Tanguy ṣí fìlà. Gildas fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó dúró lẹ́nu géètì, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú ẹ̀, ó ń wo ìyàwó ẹ̀ tó ń lọ lórí ẹsẹ̀ méjèèjì.